Bí a ṣe ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ láti Èkó dé Ilé-Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan

Àgbàlagbà tó bá tètè jí lè mu ẹ̀kọ àárọ̀ ní Ọjọ́ta, kó sì jẹ iyán ọ̀sán ní Lagéré. Ọ̀nà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kì í fi kìlómítà wọn ọ̀nà. Ebi ló fi ń wọ̀n ọ́n, àti oorun, àti ìtọ̀, àti ooru.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ mi mẹ́ta wá sí Ifẹ̀, aago kan ọ̀sán ti kọjá kí ọkọ̀ wa tó kúrò ní gáréèjì. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ mẹ́ta, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ oṣù mẹ́jọ. Bàbá wọn wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Awakọ̀ wa kọ̀ jálẹ̀, kò dúró fún ẹnikẹ́ni, ọmọ ọdún mẹ́ta náà sì tọ̀ sára kí a tó dé Ìkirè. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a wọ̀lú. Iná ti lọ. Ẹni tó yẹ kó mú kọ́kọ́rọ́ wá kò gbé fóònù rẹ̀. Ọmọ mi dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Mo ní, "Ilé la dé yìí." Ó wo ẹnu ọ̀nà tó ṣókùnkùn biribiri, ó ní, "Ilé wa kọ́ nìyí."

Ìyá kan ní ilé tó kọjú sí tiwa ló gbé tọ́ọ̀ṣì jáde. "Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ẹ̀yin lẹ ń kó bọ̀? Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé wá, ẹ̀fọn ti ń jẹ wọ́n." Ó bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́ ike aláwọ̀ ewé fún wọn, wọ́n sì mu ún bí ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ méjì.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà, òfin kan ni mo gbé gbogbo ètò ìrìn àjò wa lé: kí oòrùn tó wọ̀, kí ọmọ ti rí ibi tó máa sùn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sísàlẹ̀ yìí, orí òfin yẹn ló dúró lé.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú

Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ràn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ará Èkó ń jáde lọ sí òde ìnáwó lópin ọ̀sẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn ń padà. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù tún le ju ìyókù lọ, torí ọjọ́ náà ni ìjọ Ridíìmù máa ń ṣe ìsìn Holy Ghost ní Redemption City, létí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, èrò á sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ tún bi ẹnì kan ní Ifẹ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ náà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU, yunifásítì Ifẹ̀, ń wọlé. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á wọ́n ní gáréèjì, owó rẹ̀ á sì lé. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, òjò ọ̀sán wọ́pọ̀ ní ìhà wa níbí, ìdí mìíràn nìyẹn tí àárọ̀ fi dára ju ọ̀sán lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ káàdì àjẹsára ọmọ wò. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lè mú ara ọmọ gbóná fún ọjọ́ kan sí méjì, nítorí náà ẹ má gbà á lónìí kí ẹ wá gbéra lọ́la. Ẹ gbà á ní bí ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kí ara ọmọ ti balẹ̀. Ọmọ tó ti pé oṣù 9 yẹ kó ti gba ti éèyi àti ti ibà pọ́njú. Inú àpò tí kì í kúrò lọ́wọ́ yín ni kí káàdì náà wà, torí ohun àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì ìlú tuntun á bèèrè nìyẹn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá mú káàdì yìí dání níbí. Àwòrán ìlà tó ń fi bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i hàn, tí ayé mọ̀ sí Road to Health, ìtòsí wa ló ti ṣẹ̀: oníṣègùn ọmọdé kan, David Morley, ló gbé e kalẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital n'Iléṣà, tó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ní àwọn ọdún 1950.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ ń rìnrìn àjò. Ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tí "ìlú tuntun" jẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ fún un pé òkúta kan wà níbẹ̀ tó ga tó bàbá rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gun èjìká ara wọn, á máa bi yín léèrè títí. Ọ̀pá Ọ̀rányàn ga tó mítà 5.5, ẹ ò parọ́ fún un. Ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé: a máa jí lóru, a máa wọ ọkọ̀, a máa sùn nínú ọkọ̀, a máa jẹun, a máa dé. Tó bá ti mọ bó ṣe tò, ẹkún rẹ̀ máa ń dín kù.

Ọkọ̀ wo?

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, kó yẹ táyà, omi àti bíréèkì wò lọ́jọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe láàárọ̀. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ jókòó sí. Ọmọ ọwọ́ yẹ kó wà nínú àga ọmọdé tó kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí a fi bẹ́líìtì dè mọ́lẹ̀. Àga yìí wọ́n, mo mọ̀. Àlòkù rẹ̀ wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ má ra èyí tó ti sán tàbí tí okùn rẹ̀ ti ń já. Ohun tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe láé ni kí ẹ gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, kí ẹ wá fa bẹ́líìtì kan yí ẹ̀yin àti ọmọ ká. Tí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, ìwúwo yín ni yóò tẹ ọmọ náà mọ́ bẹ́líìtì.

Ọ̀pọ̀ wa, ọkọ̀ èrò la máa wọ̀. Sienna ni mo máa ń yàn: ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí gbayawu, èrò inú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń tètè kún. Ẹ ra àyè tó tó yín. Agbèrò á ní, "Mọ́mì, ẹ gbé wọn lẹ́sẹ̀ jàre, ọmọdé ni wọ́n." Mo gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́sí, mo ra àyè méjì fún ẹni mẹ́rin. Kí a tó dé Ògèrè, ẹsẹ̀ mi ti kú, àkọ́bí mi sì ti dìde dúró láàárín àga. Báyìí, àyè mẹ́ta ni mo máa ń rà, gbogbo ìlà àárín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àga ẹ̀yìn pátápátá kò dára fún ọmọ: ó ń jù, ooru ibẹ̀ pọ̀, ẹ ò sì ní lè tètè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n.

Oòrùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni oòrùn máa ń gbà wọ ọkọ̀ tó bá ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ òsì, kí àgbàlagbà jókòó sí ìhà oòrùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ọwọ́ ọ̀tún ni kí gbogbo yín gbà jáde, níhà koríko, torí ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà kọjá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá awakọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ fún agbèrò. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Ọmọ wẹ́wẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dúró lẹ́ẹ̀mejì, ní ilé epo tí èrò wà: lẹ́ẹ̀kan kí a tó wọ Ìbàdàn, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn Aṣéjìre." Tó bá kọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ló tíì kọ̀ fún mi. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń retí yín, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ pẹ̀lú tiyín sínú ìwé èrò.

Àwọn kan á bi mí nípa ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó ń lọ láti ibùdó Mobolaji Johnson ní Èbúté Mẹ́ta dé Mọ́níyà n'Íbàdàn ni wọ́n ṣí ní gbangba ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ojú irin rẹ̀ sì gùn tó kìlómítà 157. Ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọmọ lè dìde rìn, kò sì sí kòtò tó ń jù ú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìkángun Ìbàdàn ni Mọ́níyà wà. Ẹ gbọ́dọ̀ tún wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwó Róòdù, kí ẹ tún wọ òmíràn wá sí Ifẹ̀, pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ tó ti rẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹni tó máa wá fi mọ́tò gbé yín ní Mọ́níyà, tàbí ẹ ní ẹ̀gbọ́n n'Íbàdàn tí ẹ lè sùn sọ́dọ̀ rẹ̀, mo fọwọ́ sí i dáadáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ tó ń lọ tààrà ni kí ẹ wọ̀.

Àpò mẹ́ta

Àpò kan ń lọ sí ìdí ọkọ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀ títí ẹ ó fi dé. Ìkejì ni àpò ẹsẹ̀, èyí tó máa wà níwájú yín látàárọ̀. Ìkẹta ni àpò alẹ́.

Nínú àpò ẹsẹ̀, ẹ di aṣọ ìpààrọ̀ méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú náílọ́ọ̀nù tirẹ̀, kí ẹ má baà máa tú gbogbo rẹ̀ síta nínú ọkọ̀ tó há. Ẹ mú aṣọ kan fún ara yín náà. Ìyá ni ọmọ máa ń bì lé. Pampas, ẹ ka ọ̀kan fún wákàtí méjì méjì, kí ẹ wá fi mẹ́ta lé e. Ẹ mú wáìpù, ọṣẹ, ọ̀já, àti póò kékeré tàbí ike onídérí. Ẹ mú náílọ́ọ̀nù bíi mẹ́wàá tí kò lu. Kí ẹ tó dì wọ́n, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí tí atẹ́gùn bá ń jáde lára rẹ̀ ni èébì máa jò lára rẹ̀.

Oúnjẹ: iṣu sísè tí a gé wẹ́wẹ́, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin sísè tí ẹ máa jẹ tán kí oòrùn tó mú gan-an. Mọ́ínmọ́ín dùn, ṣùgbọ́n nínú ooru ọkọ̀, á ti kan kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ fi ọ̀rá, wàrà àti bisikí onípara sílẹ̀, wọ́n ń ru inú sókè. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ló máa mu, bó ti wù kí ooru mú tó. Àwọn èrò á máa sọ fún yín pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ẹ fún un lómi díẹ̀. Omi wà nínú ọmú. Ẹ fún un lọ́mú lemọ́lemọ́, ó ti tó o.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí ìwé kékeré, ẹ fi pín-ìnnì kọ́ ọ mọ́ inú aṣọ ọmọ tó ti ń dá rìn. Gáréèjì kì í ṣe ibi tí ọmọ ń sọnù tí a tètè ń rí i.

Àpò alẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní, òun sì ni mo gbé ga jù. Ẹrù yín lè wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí kò tíì dé, tàbí lábẹ́ àpò mẹ́fà mìíràn. Nínú àpò alẹ́ ni kí àwọ̀n ẹ̀fọn wà, èyí tó ní oògùn lára, pẹ̀lú okùn àti ìṣó mẹ́rin, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, kẹ́tù tàbí sítóòfù kékeré, abọ́ àti ṣíbí, ògì, omi mímu, àti aṣọ ìbora tí ọmọ fi ń sùn nílé. Ẹ má fọ aṣọ ìbora náà. Òórùn ilé tó ti mọ̀ ló wà lára rẹ̀, òun ló máa fi sùn nínú yàrá tí kò rí rí.

Oògùn, àti èyí tí kò yẹ kó wọ ẹnu ọmọ

Ẹ mú parasítámọ́ọ̀ olómi dání, àti ṣíbí tàbí ike ìwọ̀n rẹ̀. Ìwúwo ọmọ ni a fi ń wọn oògùn yìí, kì í ṣe ọjọ́ orí lásán, nítorí náà ẹ ní kí oníkẹ́míìsì kọ ìwọ̀n ti ọmọ kọ̀ọ̀kan sára ìgò rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu le ju èyí tí wọ́n ń fi ṣíbí bù lọ. Ẹ má fi ìwọ̀n ọ̀kan lo ìkejì. Ẹ mú sáṣẹ́ẹ̀tì ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi) méjì fún ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, kí ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ láì fi bò. Àwọn ìyá kan máa ń fún ọmọ ní Phenergan tàbí Piriton, oògùn ara yíyún, kó lè sùn lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ ló ń sọ fún ọ̀rẹ́, bí ẹni ń sọ irú ọṣẹ tó dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Phenergan lè dá èémí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì dúró, àti nínú ọkọ̀ tí orí ọmọ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé oorun ti kọjá oorun. Ọmọ tó ń sunkún ń mí. Ẹ jẹ́ kó sunkún.

Ọmọ ọdún méjì sí méjìlá ni òòyì ọkọ̀ sábà máa ń kọ́. Ẹ̀yà àìsàn kọ́ ni, ojú àti etí ọmọ ni kò bára wọn sọ ohun kan náà: ojú ń wo fóònù tó dúró jẹ́ẹ́, etí inú ń sọ pé ara ń mì. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa wo ọ̀ọ́kán níta, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Ẹ máa wo ojú rẹ̀. Kí ọmọ tó bì, yóò kọ́kọ́ dákẹ́, ètè rẹ̀ á funfun, itọ́ á sì máa kún un lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni kí náílọ́ọ̀nù ti wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn èébì, ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ sinmi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá máa fún un lómi ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fún un ní ife kan lẹ́ẹ̀kan náà, á tún bì í.

Ọjọ́ náà gan-an

Alẹ́ tó ṣáájú ni ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ wẹ̀ fún wọn, ẹ wọ aṣọ tí wọ́n máa fi rìn fún wọn, kí wọ́n sùn nínú rẹ̀. Aṣọ òwú fífẹ̀ ni. Ẹ fi aṣọ ìróde sílẹ̀, Ifẹ̀ kò ní lé yín padà nítorí aṣọ.

Ní bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ẹ̀yin ni kí ẹ jí, kí ẹ múra tán, kí ẹ jẹun. Àwọn ọmọ, ẹ jí wọn kẹ́yìn, kí wọ́n tọ̀, kí ẹ gbé wọn lọ pẹ̀lú oorun lójú. Ohun tí ẹ ń lé ni kí ọkọ̀ ti gbéra ní aago mẹ́fà sí mẹ́fà ààbọ̀. Wọ́n á sùn títí ẹ ó fi kọjá Ṣàgámù, ìdajì iṣẹ́ yín ti ṣe nìyẹn.

Tí wọ́n bá jí, ẹ fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí wákàtí. Ìdúró àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn ni kó sọ̀ kalẹ̀, èyí tó ní òun ò tọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fò, kí wọ́n na ẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fi ọmọ kankan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn, ì báà ṣe pé ó ń sùn, ì báà ṣe pé ẹ ń ra omi péré. Ooru inú ọkọ̀ títì máa ń gun òkè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara ọmọ sì ń gbóná kíákíá ju tiwa lọ.

Láti Ìbàdàn, ọ̀nà yín á gba Aṣéjìre, níbi tí wọ́n ti ń na ẹja sókè sí ọkọ̀. Ẹ fi odò hàn wọ́n. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n dí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìkirè, àwọn olódòdo á sì sáré bá yín. Dòdò Ìkirè jẹ́ ohun tí mo fẹ́ràn púpọ̀, àmọ́ ata àti epo wà nínú rẹ̀. Ẹ ra á, kí ẹ dì í mọ́lẹ̀, kí àgbàlagbà jẹ ẹ́ nílé. Inú òfìfo ọmọ tí ọkọ̀ ti ń jù láti àárọ̀ kò lè gbà á.

Ẹ̀pà àti gúgúrú tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà, àti hóró àgbálùmọ̀, kò yẹ lẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Bíréèkì òjijì kan tó kó ẹ̀pà sí ọ̀fun. Tó bá há ọmọ, tí kò lè sunkún, tí kò lè wúkọ́, ẹ pariwo kí ọkọ̀ dúró. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tí kò bá jáde, ẹ yí i kọjú sókè, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tí kò bá jáde, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù sókè ìdodo rẹ̀, ẹ fà á wọ inú kí ó sì gòkè, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ má ti ìka bọ ọ̀fun tí ẹ ò bá rí nǹkan náà. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì ní gbogbogbòò ni 112. Ẹ ti fi wọ́n sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ ti dé Ifẹ̀

Tí ẹ bá ti kọjá Gbọ̀ngán, ẹ pe ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ má dúró kí ẹ rí gẹ́ètì OAU kó tó di pé ẹ pè é. Lẹ́yìn gẹ́ètì, Mayfair ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Lagéré. Ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì gba dọ́rọ́ọ̀pù láti ibẹ̀ délé. Mo rí ìyá tó gbé ọmọ méjì àti ẹrù gun ọ̀kadà kan ṣoṣo ní Mayfair, ọkàn mi kò balẹ̀ títí wọ́n fi yà kúrò lójú mi. Ẹ bá onítasí ná owó rẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ó parí.

Ní wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹnì kan dúró ti àwọn ọmọ níta, kí ẹnì kejì wọlé yẹ ilé wò. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, ẹ pọn àbíkẹ́yìn, ẹ di ìyókù lọ́wọ́ mú. Ẹ wò bóyá kànga wà lágbàálé, bóyá ìdérí rẹ̀ le. Ẹ wò bóyá wáyà ìhòòhò wà lára ògiri níbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé. Ẹ wo abẹ́ síìnkì àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó kó jáde lè ti fi oògùn eku sílẹ̀. Dírọ́ọ̀mù tàbí bàfù tó ní omi, ẹ dà á nù tàbí kí ẹ dé e pa. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, òun ni mo sì máa ń ṣe kí n tó jókòó, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó.

Lẹ́yìn náà, ibùsùn. Kí ẹ tó tú ẹrù kankan, ẹ so àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ tẹ́ aṣọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀ ṣeré nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Ọmọ tó ti ṣeré níbẹ̀ lọ́sàn-án kì í bẹ̀rù rẹ̀ lóru. Ẹ wá ko ògì, ẹ wẹ̀ fún wọn, ẹ mú wọn rìn láti ibùsùn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹsẹ̀ wọn mọ ọ̀nà. Omi tí wọ́n máa mu, kó jẹ́ èyí tí ẹ gbé wá tàbí èyí tí ẹ sè. Ẹ má fi omi kànga tí ẹ ò tíì mọ̀ ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ fún inú ọmọ.

Ẹ mú wọn jáde lọ kí àwọn ará ilé. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí àdúgbò rí ojú wọn, kó lè mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́ tí wọ́n bá ṣìnà lọ́la. Ṣùgbọ́n ìkíni ẹnu ọ̀nà ni o. Àbúrò ìyá ọkọ tó wà ní Modákẹ́kẹ́, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ ní ẹ ti dé láyọ̀, ẹ ó wá lọ́jọ́ Sátidé. Kò ní bínú tí ẹ bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, àwọn ọmọ yín á sì ti sùn kí aago mẹ́jọ tó lù.

Tí ọmọ bá jí lóru tó ń sunkún, ẹ má tan iná gbọ̀ngàn. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fi aṣọ ìbora náà bò ó, ẹ sọ ibi tó wà fún un. Ẹ tún un sọ bó bá bèèrè ní ìgbà mẹ́wàá. Tí ara ọmọ bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ibà, ẹ má kàn sọ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Ifẹ̀ níbí, Wesley sì wà n'Iléṣà, nǹkan bíi 30 kìlómítà sí wa.

Ọjọ́ kejì

Ibì kan ṣoṣo. Ọgbà ẹranko inú yunifásítì ni mo máa ń sọ fún àwọn tí ọmọ wọn kéré, torí àyè wà láti sáré níbẹ̀, igi pọ̀, kò sì sí ẹni tó máa ní kí wọ́n dákẹ́. Àwọn tó ti lé ní ọdún márùn-ún lè fara da Ẹnuwá: ère Mọrèmi tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, àti mùsíọ́mù tí wọ́n kó orí idẹ àti ère alámọ̀ ayé àtijọ́ sí. Ọ̀pá Ọ̀rányàn tí ẹ ti ṣèlérí, ẹ mú wọn lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti tutù, kí wọ́n ka ìṣó irin ara rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ fi í sílẹ̀ di oṣù mìíràn. Ìpele méje ni, òkúta rẹ̀ ń yọ̀, ìpele àkọ́kọ́ nìkan sì ni mo lè mú ọmọ wẹ́wẹ́ dé.

Kí ẹ tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì náà, bí ẹnikẹ́ni bá bu oúnjẹ fún yín lálẹ́, ẹ fọ abọ́ rẹ̀. Ẹ fi ọsàn mẹ́ta tàbí búrẹ́dì Èkó díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ má dá a padà lófìfo. Ẹ gbé e lé àkọ́bí lọ́wọ́, ẹ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Tiwa kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà, ó ní, "Mọ́mì wa ní ká kí yín, ẹ ṣeun fún alẹ́ àná." Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sá tẹ̀lé e láì wọ bàtà, ọ̀sán ni mo tó tún rí i, òun àti ọmọ-ọmọ ìyá náà ń bu iyanrìn sínú abọ́ aláwọ̀ ewé yẹn.